Sáà Champions League háńdíbọ́ọ̀lù obìnrin wo ni kí àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Agége:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní SS1 ti wọ tíìmù háńdíbọ́ọ̀lù iléèwé wọn, ọlọ́wọ́ òsì ni, kóòṣì wọn wá gbé e sí apá ọ̀tún lẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti máa ń fò sókè ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀ọ́kán, ló bá ń yọ mí lẹ́nu láràárọ̀ pé kí n wá eré àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá fóun wò. Gbogbo èèyàn ní Champions League ti Yúróòpù ló le jù, àmọ́ sáà wọn pọ̀, n ò sì mọ èyí tí màá gbé lé e lọ́wọ́. A ò lè wo gbogbo ẹ̀, dátà ò gbà bẹ́ẹ̀, ìdánwò ẹ̀ náà ń bọ̀. Sáà kan ṣoṣo ni mo ń wá, èyí tó máa yé ẹni tí ò tíì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi mú un, ẹ má kàn kọ ọdún sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ.

Bọ̀dá_Yábàá:
2018/19 ni, àbúrò mi. Győr ti Họ́ńgárì gba ife lọ́dún 2017, wọ́n gbà á ní 2018, wọ́n tún gbà á ní 2019, nínú àṣekágbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta góòlù kan péré ló là wọ́n: 31–30 pẹ̀lú Vardar Skopje, 27–26 pẹ̀lú Vardar yẹn kan náà, àfikún àsìkò ni wọ́n lò nínú méjèèjì, ìkẹta wá jẹ́ 25–24 pẹ̀lú Rostov-Don ti Rọ́ṣíà. Èyí ìkẹta yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí Ambros Martín, ọmọ Sípéènì tó jẹ́ kóòṣì Győr nígbà tí wọ́n gba ti 2017 àti 2018, òun ló wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì Rostov lọ́jọ́ náà. Ó mọ gbogbo àṣírí ilé tó ti kúrò, síbẹ̀ wọ́n fi góòlù kan borí ẹ̀. Kí ẹ sì wo Amandine Leynaud, kípà ọmọ Faransé. Vardar ló ń ṣọ́lé fún nígbà tí Győr nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó wá kó lọ sí Győr ní 2018, ó sì gba ife ní sáà àkọ́kọ́ ẹ̀ níbẹ̀.

Vardar yìí máa ń dùn mí títí di òní o. Final4, ìyẹn ibi tí tíìmù mẹ́rin tó kù ti ń du ife, márùn-ún ni wọ́n dé léra wọn, láti 2014 dé 2018, wọn ò gba ife ẹyọ kan, olówó tó ń náwó sí wọn wá dáwọ́ dúró, bí tíìmù obìnrin náà ṣe tú ká nìyẹn.

Tí ọmọ yẹn bá fẹ́ mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ láti ọwọ́ sọ́wọ́, kó wo Nycke Groot ọmọ Netherlands àti Eduarda Amorim ọmọ Bùràsíìlì nínú Győr ìgbà yẹn. Bí ẹni ń ta ayò ni, wọ́n ti mọ ibi tí ọmọ ayò máa já sí kí wọ́n tó mú un.

Kípà_Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ ò dárúkọ 2015/16! CSM București ti Romaníà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ Champions League rèé o, wọ́n lọ tààrà dé Budapest, wọ́n sì kojú Győr nínú àṣekágbá nílẹ̀ Họ́ńgárì gangan. Ìṣẹ́jú 60 parí, ọ̀mì. Wọ́n gbá àfikún àsìkò, ọ̀mì náà ni. Pẹnárítì ló yanjú ẹ̀, 29–26. Isabelle Gulldén, ọmọ Sweden, lọ́mọ tó gbá jù níbẹ̀, òun ni wọ́n sì fún lámì-ẹ̀yẹ Final4 ọdún yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kípà ń rí lójú kó wo pẹnárítì yẹn: mítà méje ló wà láàárín ìwọ àti ẹni tó fẹ́ jù ú, kò sẹ́ni tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́.

Àǹtí_Kóòṣì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí Àdùkẹ́ bi wá. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ yẹn, apá ọ̀tún lẹ́yìn ló sì ti ń gbá. Gbogbo sáà tẹ́ ẹ dárúkọ ló dáa, mi ò jiyàn, àmọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń gbá ipò tiẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn án. Bí mo ṣe ń ṣe fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nìyẹn, mo sì ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ojú wọn kì í kúrò lára onítọ̀hún.

Ìdí tí wọ́n fi ń gbé ọlọ́wọ́ òsì sápá ọ̀tún ni pé tó bá wà níbẹ̀, ọwọ́ tó fi ń jù ú á kọjú sí àárín pápá, gbogbo ilé á ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó bá dúró síbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìta, ó máa ní láti yí ara kó tó rí ilé, kó sì tó yí tán àwọn tó ń dínà á ti dé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo tíìmù ńlá fi ń wá ọlọ́wọ́ òsì lójú méjèèjì. Kó má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé ọwọ́ òsì ò dáa, nínú eré yìí wúrà ni.

Torí náà 2020/21 ni témi. Àṣekágbá ọdún yẹn, Vipers Kristiansand ti Nọ́wè àti Brest Bretagne ti Faransé, ọlọ́wọ́ òsì méjì ló kojú ara wọn lápá ọ̀tún: Nora Mørk wà lọ́dọ̀ Vipers, Ana Gros ọmọ Slovenia wà lọ́dọ̀ Brest, Gros yìí ló sì jẹ góòlù jù nínú gbogbo ìdíje lọ́dún náà. Méjèèjì yàtọ̀ síra. Gros máa ń fò, á sì fi agbára jù ú láti ọ̀nà jíjìn kí dìfẹ́ǹsì tó gbé ọwọ́ sókè. Mørk ní tiẹ̀ máa ń dọ́gbọ́n, á díbọ́n bí ẹni fẹ́ jù ú, á sì wọlé láàárín èèyàn méjì. Vipers gbà á, 34–28, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gba ife náà nìyẹn.

Kí wọ́n tó débẹ̀ ńkọ́? Győr tí Bọ̀dá_Yábàá ń yìn yìí ò tíì pàdánù géèmù kankan nínú Champions League láti ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ó lé ní 50 géèmù, Brest ló dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọ̀mì ni wọ́n ta, pẹnárítì ló yanjú ẹ̀, Sandra Toft ọmọ Dẹ́ńmáàkì ló sì ń ṣọ́lé fún Brest lọ́jọ́ yẹn. Sáà tí Anita Görbicz fẹ̀yìn tì náà nìyẹn, obìnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ gbá fún Győr. Èèyàn rí òpin àsìkò kan àti ìbẹ̀rẹ̀ òmíì nínú sáà kan ṣoṣo.

Wálé_Sángo:
Àǹtí, ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, àmọ́ 2020/21 kọ́ ni sáà tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun. Kòrónà ti bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ géèmù ni wọn ò lè gbá, àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti pín èsì ẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ní kí tíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún kọjá síwájú torí kò ṣeé ṣe láti sọ pé ti ẹnì kan pé, ti ẹnì kan ò pé. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn náà sì ṣófo, igbe kóòṣì nìkan lẹ máa gbọ́ níbẹ̀. Ọmọ SS1 tó bá wo ìyẹn, á rò pé eré tí wọn ò kà sí ni.

Ohun kejì, òfin ti yí padà. Láti July 2022, tí wọ́n bá ti gba góòlù wọlé wọn, ẹni tó fẹ́ tún eré bẹ̀rẹ̀ kò ní láti dúró gbagidi lórí ìlà àárín mọ́, wọ́n ti ya òbíríkítí kan síbẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá ti wà nínú ẹ̀ tí réfirí sì ti fun fèrè, kí wọ́n máa sáré lọ. Àti pé tí réfirí bá gbọ́wọ́ sókè pé ẹ ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré láìkọlu ilé, tẹ́lẹ̀ ẹ lè gbá a fúnra yín lẹ́ẹ̀mẹfà kẹ́ ẹ tó jù ú, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù bá kípà lórí nígbà tí kò sẹ́nì kankan láàárín wọn, ìṣẹ́jú méjì síta. Eré tó ń kọ́ níléèwé báyìí nìyẹn, kó wo èyí tó bá a mu.

2022/23 ni kó wò. Ọlọ́wọ́ òsì náà ń bẹ níbẹ̀, Àǹtí: Anna Vyakhireva, ọmọ Rọ́ṣíà tó gbá fún Vipers lọ́dún náà!

Kípà_Ọ̀ṣun:
Yéè, Vyakhireva. Mo fara mọ́ ọn, mo ti fi 2015/16 sílẹ̀ fún un.

Àdùkẹ́_Agége:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ló ń ka èyí tí Àǹtí_Kóòṣì kọ lórí ọwọ́ òsì, ó ti kà á tán ó tún ń kà á. Ó ní kí n bi yín pé ṣé Vyakhireva yìí ga? Òun ò ga, àwọn kan ní tíìmù wọn sì ń sọ pé ipò yẹn, ẹni gíga ló ni ín.

Àǹtí_Kóòṣì:
Sọ fún un pé kò ga. Láàárín àwọn ọmọ Yúróòpù tó ń gbá ipò yẹn, ó wà lára àwọn tó kúrú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń ṣe é. Á kọjú sí ẹ bí ẹni ń bọ̀ lápá òsì, tó o bá ti fi ara síbẹ̀ báyìí, ó ti gba apá kejì lọ. Olympics 2016 àti ti Tokyo, òun ni wọ́n fún lámì-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá jù nínú méjèèjì. Ìgbẹ̀yìn 2022/23, òun náà ni wọ́n tún fún ti Final4.

Wálé, mo gba ọ̀rọ̀ òfin yẹn, òótọ́ lo sọ. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2022/23. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kó wá àṣekágbá 2021 yẹn nìkan wò, torí Vyakhireva nìkan ò tó, tó bá rí Mørk àti Gros náà á mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń gbá ipò kan náà, á wá mú èyí tó bá ara tiẹ̀ mu.

Bọ̀dá_Yábàá:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé àwọn tíìmù Rọ́ṣíà ò sí nínú 2022/23 o. Láti 2022 tí ogun Yukréènì ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti yọ wọ́n kúrò, ẹ má wá Rostov níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i nípa Vipers yìí, torí ọmọ yẹn máa nífẹ̀ẹ́ wọn, ó sì yẹ kó mọ̀. Wọ́n gba ife ní 2021, 2022, 2023, léraléra, ìlú Kristiansand ò sì tóbi. January 2025 ni owó tán pátápátá, kílọ́ọ̀bù wọ gbèsè tí wọn ò lè san, wọ́n kéde pé àwọn ti kógbá wọlé láàárín sáà. Tíìmù tó gba Yúróòpù lẹ́ẹ̀mẹta o! Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́. Àwọn obìnrin yìí ń ṣe iṣẹ́ ńlá, owó tó ń gbé wọn dúró kò sì nípọn tó.

Kó wo kípà wọn náà, Katrine Lunde. Ọdún 1980 ni wọ́n bí i, ẹni ọdún 43 ni nígbà tó gba ti 2023, ìkeje tiẹ̀ nìyẹn: méjì ní Viborg, méjì ní Győr, mẹ́ta ní Vipers. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ọmọ bíbí ti parí eré fún obìnrin, ìyá ọmọ ni Lunde o.

Àdùkẹ́_Agége:
Ó yé mi, màmá. 2022/23 la mú. Wàyí o, báwo la ṣe fẹ́ wò ó láìjẹ dátà oṣù kan tán?

Wálé_Sángo:
Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo ẹ̀. Tíìmù 16 ni, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí méjì, mẹ́jọ mẹ́jọ, kálukú gbá géèmù 14 nínú ìsọ̀rí. Ẹni kìíní àti ìkejì lọ tààrà sí ìpele mẹ́jọ tó kù, ìkẹta dé ìkẹfà ní láti gbá méjì sí i kí wọ́n tó dé bẹ̀, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn lọlé. Tẹ́ ẹ bá ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀ dé àṣekágbá, géèmù 132 ni. Ta ló ní dátà ẹ̀?

Ohun tí mo máa ṣe nìyí: ojú ìwé YouTube àjọ háńdíbọ́ọ̀lù Yúróòpù, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ibi tó dùn jù nínú géèmù sí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó fi ìyẹn wo ti ìsọ̀rí. Géèmù méjì péré ni kẹ́ ẹ wá odindi ẹ̀, EHFTV ni wọ́n ti máa ń fi odindi hàn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣí fún Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni Vipers àti Győr ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, 37–35. Ẹ gbọ́ o, góòlù 72 nínú ìṣẹ́jú 60! Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí òfin tuntun yẹn ṣe sí eré, ẹni tí wọ́n gba góòlù wọlé ẹ̀ ti tún wà níwájú ilé ẹni tó jẹ ẹ́ kí onítọ̀hún tó rántí sáré padà. Ìkejì ni àṣekágbá, Vipers àti Ferencváros, 28–24. Ìlú Budapest ni wọ́n ti gbá a, Budapest sì ni Ferencváros ti wá, nínú MVM Dome tí èèyàn tó lé ní 20,000 kún fọ́fọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo mọ́ Vipers, wọ́n sì gbà á lọ.

Àǹtí_Kóòṣì:
Tẹ́ ẹ bá dé ìdajì kejì géèmù pẹ̀lú Győr yẹn, sọ fún un kó má wo bọ́ọ̀lù rárá, kó wo ẹsẹ̀ Vyakhireva nìkan kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹ̀. Ó ti ń sáré kó tó gbà á. Ìṣòro tí mo máa ń rí lára àwọn ọmọ wa nìyẹn, wọ́n máa ń dúró de bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó gbéra. Kó gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún pàdé níléèwé, kó o sì wá sọ fún wa bó ṣe lọ.

Àdùkẹ́_Agége:
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé. Màá padà wá kọ ọ́ síbí, Àǹtí.