Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: páràgà ni àbúrò mi fi ń jí ní gáréèjì

Àṣàkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 22 ni, ó ti gba láísẹ́ǹsì, Micra ló ń fi gbé èrò láti Ìwó Road lọ sí Mókọ́lá n'Ìbàdàn níbí. Kì í mutí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ gáréèjì ni mo ti ń gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Mo bi í, ó ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé gbogbo awakọ̀ ló ń mu ún, pé ojú òun á là kedere bí òun bá ti gbé e mì. Mo sọ̀rọ̀ títí, mo fi àwòrán jàǹbá hàn án lórí fóònù, ó kàn ń wò mí ni. Báwo lẹ ṣe ń bá ọ̀dọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tí á fi wọ̀ ọ́ létí? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Bàbá Onímọ́tò:
Àṣàkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tí o tètè kíyè sí i. Bọ́ọ̀sì elérò ni mo wà, Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Òkú ojú ọ̀nà yẹn wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká dìde sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988. A fojú ara wa rí òkú níbẹ̀, síbẹ̀ ọjà oní-páràgà ò kùtà. Nítorí náà, fi àwòrán yẹn sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọtí náà ń bá a ṣe ni kí o wádìí. Awakọ̀ tó pẹ́ kó tó sùn, tó jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò jẹun, tó sì gbọ́dọ̀ dá owó ojúmọ́ fún ẹni tó ni mọ́tò, páràgà ló fi ń pa ebi, òun náà ló fi ń lé oorun. Kó jẹun nílé, ì báà ṣe ẹ̀kọ àti àkàrà. Kó di ike omi mú wọ gáréèjì; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo, wọn kì í sábà bu ọtí fún un. Kí ẹ jọ bẹ oní-mọ́tò kó dín owó ojúmọ́ kù, tàbí kó fún un ní ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọ̀sẹ̀.

Bó bá ti sùn, tó yó, ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ eré sísá fún un. Ẹni tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń gbà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo máa ń wọn mítà 22 yẹn sílẹ̀ ní pápá, mo á ní kí ọmọ náà fẹsẹ̀ rìn ín. Ọtí a sì máa jẹ́ kó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ojú rí. Ọmọkùnrin tí kò bẹ̀rù ikú, mo ti rí i tó dákẹ́ lọ gbári nígbà tó rìn ín débi tó parí sí.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ọtí ni, Àṣàkẹ́. Egbò tó wà nísàlẹ̀ ìgò ò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Òfin ìrìnnà wa kò fẹ́ kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kọjá gíráàmù 0.05 nínú mílílítà 100, ṣùgbọ́n ta ló mọ bí èyí tí wọ́n bù láti inú ike ṣe le tó? Ojú tó ní ó ń là yẹn, àyà ló kàn ń kì í.

Ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọtí kúrò lára, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yọ ọ́. Omi tútù, kọfí, epo pupa, ìkankan ò lè mú un yá. Ẹni tó mu púpọ̀ di òru, ó ṣì lè wà lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé èrò àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa, púpọ̀ nínú wọn ò fẹnu kan ọtí: ìyá tó ń lọ sọ́jà, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Àṣàkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn, ọwọ́ mi ló wà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan ní gáréèjì ló ń rà á fún wọn, ó sì fẹ́ràn àbúrò mi. Báwo ni ọmọdé ṣe máa kọ ohun tí àgbà fi lé e lọ́wọ́?

Bàbá Onímọ́tò:
Ibẹ̀ gan-an ló ti ń nira fún wọn. Kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Ẹ ṣeun sà, èrò wà nínú mọ́tò mi, àdúrà ni kẹ́ ẹ fi sìn mí." Mi ò tí ì rí àgbà awakọ̀ tó bínú sí ọmọ tó tọrọ àdúrà. Bí ọkùnrin náà bá takú, kó lọ máa gbé èrò ní gáréèjì mìíràn, Ìbàdàn tóbi. Bí ẹ bá sì lè dé Ifẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, mú un wá kí èmi náà bá a sọ̀rọ̀. Kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí n júwe ilé fún ọ.