Òòfà ni, kì í ṣe ìtànṣán: lórí orúkọ fún MRI ọkàn

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ẹ̀rọ ìtànṣán ayàwòrán ọkàn" fún MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ wò, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọn. Kò sí ìtànṣán bíi ti ẹ́ksíréè nínú ẹ̀rọ yẹn. Òòfà ńlá ni, pẹ̀lú igbi rédíò. Omi inú ara ló ń dá igbi náà lóhùn tí kọ̀ǹpútà fi ń rí àwòrán yà. Bí ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Atákúmọ̀sà níbí ní Iléṣà bá ti gbọ́ pé ìtànṣán ni wọ́n fi ń jó kókó inú ọmú, yóò rò pé wọ́n tún fẹ́ jó ọkàn òun ni. "Àwòrán olóòfà" ni tèmi. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ á rán an létí kó bọ́ yẹtí sílẹ̀, kó sì sọ bí irin kankan bá wà lára rẹ̀.

Kímò tí gbogbo ayé ń pe ìtọ́jú oògùn jẹjẹrẹ, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "àyẹ̀wò ọkàn" lásán kò tó. Bí wọ́n ṣe ń wí ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn kí a tó jẹ oúnjẹ Olúwa. Àyẹ̀wò iṣẹ́ ọkàn ni ká pè é.

Èyí tó ká mi lára jù ni "ìwọ̀n ìtàjẹ̀" tí wọ́n dábàá fún "ejection fraction". Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ìdá tí ọkàn ń tì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún yàrá òsì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, bó bá lù lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn tó le koko pàápàá kì í ti gbogbo rẹ̀ jáde. Doxorubicin, oògùn pupa yẹn, lè ba iṣan ọkàn jẹ́, ewu náà sì ń pọ̀ bí àpapọ̀ èyí tó ti wọ ara bá ṣe ń pọ̀. Bí ìdá yẹn bá já láti 60 sí 48 nínú 100, dókítà gbọ́dọ̀ tún èrò pa, kódà kí ẹsẹ̀ aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ṣé "ìtàjẹ̀ yín ti dín kù" ni yóò wá sọ fún un? Ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni etí Yorùbá máa gbọ́. Ayọ̀ ni ìyá náà máa bá lọ sílé, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́.

"Ìfúnjẹ̀" náà kò yẹ, nítorí ìfúnpá, ìyẹn "blood pressure", ti gba ààyè yẹn. Mo dábàá "ìdá àtìjáde". Ó jọ àtẹ̀jáde létí, mo gbà. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá. "Ìtàjẹ̀" nìkan ni mo bẹ̀ yín kí a yọ kúrò.