Wàràkàṣì àti ṣokoléètì tí ẹ fi kẹ́ ara yín: ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Oṣù mẹ́ta gbáko ni iṣẹ́ ò fi jẹ́ kí n gbé orí sókè. Lánàá mo yà sí ibi tó jẹ́ pé wàràkàṣì àti ṣokoléètì nìkan ni wọ́n ń tà. Mo ra Comté, wàràkàṣì ilẹ̀ Faransé, ègé tí kò ju ìka mẹ́ta lọ, pẹ̀lú ṣokoléètì dúdú oní kòkó 70%. Nígbà tí àwọn ọmọ sùn tán, mo jókòó sí ìdáná, èmi nìkan, mo rọra jẹ ẹ́ tán. Ta ló tún ti ṣe irú ẹ̀?

Akọ̀wé: Ẹ ò fi díẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá wọn?

Ìyá Ìbejì: Rárá. Tèmi ni.

Adúmáadán: Tèmi ṣì ń dùn mí dòní. Parmigiano Reggiano, wàràkàṣì líle ilẹ̀ Ítálì, ni mo rà, èyí tí wọ́n ti tọ́jú kó gbó fún oṣù 36. Mo gé e, mo rí hóró funfun tín-ín-tìn-tín nínú ẹ̀, ó ń ha mí léyín bí iyanrìn. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo da gbogbo ẹ̀ nù!

Baba Alájẹ: Yéè! Oṣù 36! Tyrosine, ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di purotéènì, ni hóró yẹn. Bí wàràkàṣì bá ṣe ń gbó ni purotéènì inú ẹ̀ ń já sí wẹ́wẹ́, díẹ̀ nínú ẹ̀ á wá dì. Nítorí ẹ̀ gan-an ni èmi fi ń rà á.

Tẹ̀mítọ́pẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, Adúmáadán. Oòrùn pa ṣokoléètì tèmi lójú fèrèsé. Nígbà tó tún dì, ojú ẹ̀ funfun bí ẹni bu eérú sí i. Mo jẹ ẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Baba Alájẹ: Ọ̀rá kòkó ló yọ síta. Kò bu rárá.

Akọ̀wé: Wàràkàṣì Roquefort ńkọ́? Ìyẹn bu, ẹ sì ń jẹ ẹ́.

Adúmáadán: Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bu ni. Wàrà àgùntàn ni, inú ihò àpáta ní Roquefort-sur-Soulzon, ní ilẹ̀ Faransé, ló ti ń gbó. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Látọjọ́ tí mo ti da tèmi nù, mo ti ń béèrè ohun gbogbo kí n tó sanwó.

Tẹ̀mítọ́pẹ́: Ṣokoléètì funfun ni tèmi ní tèmi.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn kì í ṣe ṣokoléètì.

Tẹ̀mítọ́pẹ́: Báwo? Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rá kòkó inú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 20%.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rá nìkan! Kòkó dúdú yẹn gan-an ò sí níbẹ̀.

Baba Alájẹ: Ẹ jẹ́ kó jẹ ohun tó wù ú.

Akọ̀wé: Mo ti lọ ra Comté o. Mo yọ ọ́ nínú fíríìjì, mo jẹ díẹ̀, mi ò gbọ́ adùn kankan.

Ìyá Ìbejì: Ó ti tutù jù ni. Ẹ gbé e sórí tábìlì fún wákàtí kan.

Akọ̀wé: Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Òórùn ẹ̀ ti ń jáde, ó jọ ẹ̀pà yíyan. Ìyàwó mi ti ń béèrè pé kí ni mo gbé pamọ́.