Mo ti rí àwo orin tí mo ń wá o

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Àwo orin tí mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ orin, tó jẹ́ gìtá àti synth (dùùrù oníná) ṣáá, *Classics* ti Ratatat, ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni méjì, ni, ọdún 2006. Ẹni tó ní kí n wá orin tí ẹranko ti ń bú ramúramù ló là mí lójú: “Wildcat” ni, ó wà nínú àwo náà. Mike Stroud ló ń ta gìtá, Evan Mast sì wà nídìí synth. Ohùn tí mo búra pé obìnrin ló ń kọ ọ́, àṣé gìtá tó ń gbe gìtá ni! Etí mi ló tàn mí. Mo ti rà á. Mo ti ìbéèrè yìí pa.