Ta ló yẹ kó san owó ìpamọ́ ẹrù bí ìdádúró kì í bá ṣe ti oníbàárà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń kó ẹrù gba Àpápá wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Kọ̀ntínà mi, páàtì ọkọ̀ láti Ṣáínà, ṣì wà ní tẹ́mínà, ibi tí wọ́n ń kó kọ̀ntínà sí ní èbúté. Owó méjì ló ń gun ara wọn: tẹ́mínà ń gba owó ìpamọ́ lórí àyè wọn, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń gba demurrage, ìyẹn owó ìdádúró, lórí kọ̀ntínà wọn. Tí ọjọ́ ọ̀fẹ́, ìyẹn iye ọjọ́ tí wọn kì í gba owó, bá ti tán, bí ẹrù ṣe ń pẹ́ sí i ni owó ojúmọ́ ń wọ́n sí i. Bẹ́ẹ̀ tẹ́mínà gan-an ni kò tètè gbé kọ̀ntínà kalẹ̀ fún àyẹ̀wò! Ó ń dùn mí gan-an, torí orí àwọn mẹkáníìkì tó ń rajà lọ́wọ́ mi ni owó yìí máa já sí.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti gba ẹ̀dínwó lórí irú èyí rí? Ẹ̀rí wo lẹ kó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ sí Nigerian Shippers' Council, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tó ń kó ẹrù wọlé? Ṣé mo lè kọ́kọ́ san owó kí ẹrù jáde, kí n wá máa jà fún un lẹ́yìn náà? Àti pé fún ẹrù tó ń bọ̀, ṣé iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa ń gbà láti fi kún ọjọ́ ọ̀fẹ́ bí a bá ti bá wọn sọ ọ́ kí ẹrù tó kúrò ní Ṣáínà?