Tọ́rọ́, sísì, ṣílè: ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa nílùú òyìnbó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ nípa ilé-ìwé tí a lọ nílùú òyìnbó nígbà èwe wa, mo sì ń sọ lọ́kàn ara mi pé n óò kọ tèmi. Òní ni mo ráyè.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, lọ́dún 1954. Bàbá mi ń kàwé lọ́ọ́yà, ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà, onílé sì ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ń ṣe nígbà náà ni àwọn náà ṣe: wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́mọ. Obìnrin òyìnbó kan tó ń gbé létí òkun ní Sussex kọ̀wé sí wọn. Oṣù mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi fún un. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní 1959, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di 1965. Kò fìyà jẹ mí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Ilé bíríkì pupa ni ilé-ìwé wa. Fèrèsé rẹ̀ ga débi pé ọmọdé ò lè yọjú wòta. A lé ní ogójì nínú kíláàsì kan, èmi nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á tò sínú gbọ̀ngàn, a ó kọrin ìsìn, a ó gba Àdúrà Olúwa. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944 ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé-ìwé tí ìjọba ń náwó sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò àtorídáhùn, owó ló sì máa ń dá lé: kọ́bọ̀ mẹ́ta nínú tọ́rọ́ kan, mẹ́fà nínú sísì kan, méjìlá nínú ṣílè kan, ogún ṣílè nínú pọ́ọ̀nù kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ìsọdipúpọ̀ dé orí méjìlá, a ò dúró sórí mẹ́wàá.

Tí aago mẹ́wàá bá ti kọjá díẹ̀, mílíìkì dé. Láti 1946 ni ìjọba ti ń fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní ìdá mẹ́ta páìǹtì kan lójúmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nínú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ bébà fàdákà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òtútù 1962 sí 1963 á rántí. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, kò sì kúrò nílẹ̀ títí a fi wọ oṣù kẹta. Láàárọ̀, a ó bá ìgò mílíìkì lẹ́nu ọ̀nà, mílíìkì inú rẹ̀ á ti dì gbagidi, á ti wú jáde lẹ́nu ìgò, á gbé ìdérí fàdákà náà sórí bí olú ṣe ń gbé erùpẹ̀ sórí tó bá ń yọ. Tíṣà á ní kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná kó lè yọ́. Ohun tí a wá ń mu kì í tutù, kì í gbóná, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, orí rẹ̀ sì nípọn. Títí di òní, mi ò lè mu mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àmọ́ nítorí owó ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọjọ́ owó. Owó oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ṣílè kan lójúmọ́, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní díẹ̀ sí i á ra sítáàǹbù ìfowópamọ́ ti ìjọba, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kékeré kan. Àwòrán Ọmọba Anne ló wà lára ti sísì. Charles, tó jọba lónìí, ló wà lára ti ṣílè méjì àti sísì. Ìyá mi máa ń wọkọ̀ ojú irin wá wò mí ní Sọ́ńdè kan lóṣù. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á tú owó jáde nínú àpò rẹ̀, á tò ó sórí tábìlì alágbàtọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ní kí n máa pè é tẹ̀lé òun. Kọ́bọ̀. Tọ́rọ́. Sísì. Ṣílè. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ná an nílé náà nìyẹn, pé tí mo bá dé Èkó, kò sẹ́ni tó máa rẹ́ mi jẹ. Òótọ́ ni. Pọ́ọ̀nù tiwa àti tiwọn ò ju ara wọn lọ nígbà náà. Tọ́rọ́ tiwọn ní igun méjìlá, tọ́rọ́ tiwa tó jáde ní 1959 náà ní igun méjìlá.

Ọjọ́ tí Nàìjíríà gbòmìnira bọ́ sí Sátidé. Ìyá mi wá ní ọjọ́ kejì, ó sì mú kọ́bọ̀ ilẹ̀ wa kan wá fún mi, èyí tó nihò láàárín, tí ìràwọ̀ yí ihò náà ká. Mo mú un lọ sí kíláàsì ní Mọ́ńdè. Tíṣà wa nígbà náà, obìnrin onísùúrù kan, gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi hàn wá níbi tí Nàìjíríà wà lórí àwòrán ayé, ó wá ní kí wọ́n máa gbé kọ́bọ̀ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Gbogbo ọmọ ló gbé e sójú, wọ́n ń fi ihò rẹ̀ wo ara wọn. Nígbà tó padà dé ọwọ́ mi, ó ti gbóná. Tíṣà bi mí ohun tí a ń pè é nílé. Mo ní kọ́bọ̀. Gbogbo kíláàsì bá pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mi ò tíì rí ọjọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ọdún kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn ìyẹn, a bọ́ sọ́wọ́ tíṣà mìíràn. Ó bi mí ní ìbéèrè ìṣirò: tí nǹkan kan bá jẹ́ kọ́bọ̀ méjì, mẹ́ta rẹ̀ á jẹ́ èló? Ìdáhùn tó ti ọkàn mi wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, “Sísì.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Létí tiwọn, ọ̀rọ̀ náà jọ èébú tí wọ́n fi ń bú ọmọkùnrin tó bá ń ṣe bí obìnrin. Tíṣà rò pé òun ni mo ń bú. Ó ní kí n na ọwọ́ mi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rúlà gbá mi ní ìka lẹ́ẹ̀mẹta. Kò bi mí ohun tí mo ní lọ́kàn. Èmi náà ò ṣàlàyé, nítorí mi ò mọ bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe ń ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá mi tún wá ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, tó to owó sórí tábìlì, mo di ẹnu mi. Ó rò pé mo ti gbàgbé ni. Mo rí ojú rẹ̀.

Wọ́n kó wa padà sílé ní 1965. Mi ò gbọ́ Yorùbá kankan, ìyá àgbà mi ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń wo ara wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó kan, ó nà án sí mi, ó ní, “Gba tọ́rọ́, lọ ra àkàrà.” Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Mo sáré lọ ra àkàrà náà, mo sì ń sunkún bọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti mú tọ́rọ́ àti sísì, pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni tíṣà yẹn nà mí lé lórí.

Láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́. Èmi ò gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́, àwọn òbí mi mú mi mọ́ra nínú yàrá kan. 1961 ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá iná orí ni mo rántí jù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á wá, gbogbo wa á tò, á ki òòyà irin rẹ̀ bọ inú omi apakòkòrò, á máa yẹ orí wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èmi, òòyà rẹ̀ há. Ó fà á, mo ké. Ó tún fà á. Níkẹyìn ó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó wo irun mi títí bí ẹni ń wo igbó tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀, ó ní kí n máa lọ. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ń gé irun mi kanlẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ó wù mí kí n dá irun sí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi, bàbá mi ò gbà.

Nípa ìdánwò ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń pín wa sí ilé-ìwé gírámà, fún àwọn tó bá yege, àti èkejì, fún àwọn yòókù, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Èkejì ni wọ́n mú mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lójúlé kejì lọ sí gírámà, kí oṣù náà sì tó parí, a ò ṣọ̀rẹ́ mọ́.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Mo ti pé ọdún 86. Ẹ ti sọ ti orí àga, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìdáná.

Nígbà tí ọkọ mi ń kàwé, mo ṣiṣẹ́ nílé ìdáná ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, láti 1962 sí 1966. A ń bó ọ̀dùnkún, a ń se kábéèjì títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí, a ń lọ ẹran, a ń ro kọ́sítáàdì. Èmi ni mo máa ń pín ti ìgbẹ̀yìn, ohun dídùn. Èyí tí àwọn ọmọ kórìíra jù ni tapíókà. Wọ́n ń pè é ní ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n á fi ṣíbí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa wo jáàmù pupa tó wà láàárín rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tú àpò rẹ̀, tí mo bu díẹ̀ tẹ̀ láàárín ìka, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gẹ́ ni. Ọmọ Ẹ̀gbá ò lè ṣì í mọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìdáná pé ìyá mi ń gbin ohun tó ń jẹ́ báyìí lóko, ó rò pé mo ń fi ṣeré.

Àkọ́bí mi wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Kent ní gbogbo àkókò yẹn. Mò ń bu oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, mi ò mọ ẹni tó ń bù fún tèmi. Ìwọ ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn, má ṣe rò pé ìyá rẹ ń bínú sí ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ó ń ṣírò ni. Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin ni a ń rí lọ́dọ̀ yín kí ọkọ̀ ojú irin tó tún gbé wa padà. Kí la fẹ́ fi kọ́ ọmọ lédè láàárín wákàtí mẹ́ta? Ohun tó bá wà nínú àpò wa náà ni. Tìrẹ mú owó. Èmi mú oúnjẹ.

Mo bi ọmọ mi ní Sọ́ńdè kan ohun tí kò fẹ́ jẹ nílé-ìwé. Ó ní tapíókà. Nígbà ìsinmi, tí wọ́n jẹ́ kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa, mo ra tapíókà ní ṣọ́ọ̀bù, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo sè é lórí sítóòfù kẹrosíìnì wa bí ìyá mi ì bá ṣe sè é, mo da mílíìkì sí i, mo fi ṣúgà sí i, mo gbé e kalẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní kí n bu òmíràn. Mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n ń fún un nílé-ìwé gan-an nìyẹn, pé oko ìyá ìyá rẹ̀ ni irú rẹ̀ ti ń hù. Ó wo inú àwo náà, ó wo ojú mi, ó ní rárá, tiwọn kọ́ nìyí.