Báwo ni plugin mi ṣe máa mọ̀ pé kóòdù ti parí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń fi èdè Lua kọ plugin (àfikún) kan fún Neovim (ètò tí a fi ń kọ kóòdù), tí yóò máa ṣiṣẹ́ kóòdù Python tó wà láàárín àkọsílẹ̀ Markdown, kí èsì sì jáde sábẹ́ rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lo `vim.system` ti Neovim, àmọ́ ó ń ṣí Python tuntun fún búlọ́ọ̀kù kóòdù kọ̀ọ̀kan. Mo kọ `x = 5` lókè, ti ìsàlẹ̀ ní òun ò mọ x rí: NameError! Mo wá fi `jobstart` ṣí `python3 -i` (Python tó ń dúró gba kóòdù) kan ṣoṣo sílẹ̀. Ìyẹn ń rántí x dáadáa, àmọ́ `>>>` (àmì pé Python ń dúró de kóòdù) ń gba stderr (ọ̀nà tí àṣìṣe ń gbà jáde) jáde, èsì ń gba stdout (ọ̀nà èsì gan-an), wọn kì í sì í dé létòlétò.

Ṣé kí n máa fi `print` àmì àrà ọ̀tọ̀ parí búlọ́ọ̀kù ni? Tí ẹnì kan bá wá kọ `while True` (kóòdù tó lè máa yí lọ láìparí) ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń ṣe sí i?